Orin Tí A Ti Bomi Pa

Ohùn mi ló wà nínú orin náà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ará Kétu kan ń sọ ọ́ kiri pé ará Amẹ́ríkà ló jí orin ìyá mi gbé. Irọ́ ni. Ọkùnrin yẹn kò jí nǹkan kan. Ó béèrè lọ́wọ́ mi, èmi ni mo sì fi fún un, tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni tó ń mú obì inú àpò ẹlòmíràn ṣe àlejò.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kọlẹ́jì ní Kétu. Ní ìlú tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ gbogbo ìyókù, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń ta ẹ̀wù òtútù nígbà ooru: wọ́n á yẹ ọjà rẹ̀ wò, wọ́n á ní ó dára, wọ́n á sì kọjá lọ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn tó ń bójú tó ilé àwọn ọ̀dọ́ wá mi wálé pé akọrin ráàpù kan ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, tó tún jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, pé ó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe ráàpù, àti pé èmi ni wọ́n fẹ́ kó ṣe ògbufọ̀ fún un, orí mi wú. Mo ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Mo sọ fún ìyá mi. Mo sọ fún Ìyá Àgbà.

Ìyálé ìyá mi ni Ìyá Àgbà. Bàbá mi ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ tó kù ti fọ́n ká sí Kutọnu àti Ìbàdàn, opó méjèèjì ló wá kù nínú ilé wa lójú ọ̀nà Idigny, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa sì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ìyá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Àgbà ń kírun. Bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, ẹ̀yìn ilé ni ìyá mi máa ń lọ jẹun kí òórùn ọbẹ̀ má baà dán ìyálé rẹ̀ wò. Bí ó bá di ọjọ́ Kérésìmesì, Ìyá Àgbà ló máa ń bó iṣu. Wọ́n ń jẹun nínú àwo kan náà. Wọ́n ń jà lórí rédíò, lórí adìyẹ, lórí ta ló gbé ìgbálẹ̀ sí òjò, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá lọ kí ẹbí fún ọjọ́ méjì péré, ìkejì kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo ti dàgbà tó báyìí, mi ò tíì rí lọ́kọláya tó mọ ara wọn tó báyẹn.

Àlejò wa dé lọ́jọ́ Ajé kan lẹ́yìn ìkórè àgbàdo. Ó ga, irun ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ ti ń funfun. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀ pupa wa, ó sì gbé ọwọ́ náà lé àyà. Ojú rẹ̀ kún fún omi. Àfi bí àwọn ọmọdé ṣe ya dé láti ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́: “Yovo! Yovo!” Ohun tí àwọn Fọ̀n ń pe òyìnbó nìyẹn, àwọn ọmọ wa sì ti kọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ọkùnrin tó dúdú jù mí lọ.

Ó yíjú sí mi, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń sọ.

Mo ní, “Wọ́n ní àlejò ti dé.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni pé kí inú olúkúlùkù lè dùn. Wọn kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Abẹ́ igi máńgòrò kan nínú ọgbà ilé àwọn ọ̀dọ́ ni a ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ ló ń wá. Wọ́n ń da Nàgó tiwa, Faransé àti Fọ̀n pọ̀ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, ẹni tó bá ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn, ó fẹ́ pa mí ni. Ẹni tó mú jù láàárín wọn ni ọmọbìnrin aránṣọ kan tó máa ń so tépù ìwọnṣọ mọ́ ọrùn wá. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dárò nípa iye ìgbà tí àwọn aṣọ́bodè ti tú ẹrù ìyá rẹ̀ palẹ̀, ẹnu á ya ará Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò gbọ́ ju ìlù ọ̀rọ̀ náà lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó ṣe àlàyé fún wọn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ó ní ohun tí wọ́n rò pé wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín ló ti lọ, pé àwọn baba ńlá rẹ̀ gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi ní etíkun wa, nígbà tí wọn kò lè gbé nǹkan mìíràn. Ó ní hípọ́ọ̀pù kò ṣe nǹkan kan ju pé ó ń padà wálé.

Ọmọbìnrin aránṣọ na ọwọ́. Ó ní, “Tíṣà, ẹ dákun, ẹ bi í fún mi. Orí fóònù la ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. A há ọ̀rọ̀ tí a ò gbọ́ sórí, wọ́n ń fi wá ṣẹlẹ́yà. Ní báyìí, ó ní tiwa ni. Ta ló wá ni ín gan-an?”

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tí mo túmọ̀ bó ṣe rí. Ará Amẹ́ríkà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun ti kọ ìwé méjì lórí ọ̀rọ̀ náà, òun kò sì rí ẹni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ ilé tó ti jáde. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó béèrè.” Èmi yìí ni mo fi ẹnu ara mi túmọ̀ gbólóhùn yẹn fún wọn, pẹ̀lú ìka tí mo nà sókè.

Òfin kan wà nínú àwùjọ rẹ̀: a ó pa agbo, ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀rọ̀ kan tàbí orin kan jáde láti inú ilé tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tó gbọ́ lórí fóònù. Òun ló kọ́kọ́ ṣe. Ó kọ orin kan tí ìyá bàbá rẹ̀ máa ń kọ nígbà tó bá ń lọ aṣọ àwọn òyìnbó tó ń bá ṣiṣẹ́, orin kúkúrú tó fi ń ka ọrùn ẹ̀wù. Ohùn rẹ̀ kò dára, síbẹ̀ gbogbo wa na etí sí i. Àwọn ọ̀dọ́ tẹ̀ lé e, ọ̀kan pẹ̀lú oríkì ilé rẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú àdúrà tí ìyá rẹ̀ máa ń gbà kó tó lọ oko ní Adakplamè. Ó yí ká títí. Mo ti ń ṣa ìwé mi jọ nígbà tó nàka sí mi.

Ó ní, “Ìwọ náà ńkọ́?”

Kò sẹ́ni tó ti béèrè nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Ogún ọdún ni mo ti ń fi ẹnu mi gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Mo dìde dúró, mo sì kọ èyí tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu:

Ọ̀nà Ìlárá kò jìn o,
Ẹsẹ̀ ẹni ló wúwo.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí mo ṣe, mo gbọ́dọ̀ mú yín lọ sí ilé gàrí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí ẹ̀rọ tó dé, ọwọ́ ni àwọn ìyá wa fi ń rin ẹ̀gẹ́. Wọ́n á jókòó bí méjìlá lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé wa, olúkúlùkù pẹ̀lú páànù tí wọ́n dá ihò sí tó fi ń rin tirẹ̀, ẹnì kan á lé orin, àwọn ìyókù á gbè é. Obìnrin tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn sí ẹnì kejì, ibẹ̀ ló ti ń sọ ọ́. Kò ní dárúkọ. Á fi orin sọ ọ́, gbogbo wọn á sì gbè é, títí kan ẹni tí wọ́n ń bá wí, nítorí bí ègbè bá dúró, iṣẹ́ ti dúró. Ẹni tí orin bá dùn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ dáhùn. Kó wá orin tirẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìyẹn fún ará Amẹ́ríkà, ó fò sókè lórí ìjókòó rẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn náà, àwọn ọmọ ìgboro á máa fi ọ̀rọ̀ bú ìyá ara wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè ló pàdánù. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kọ ojú ìwé mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan tí mi ò sọ fún un. Lọ́dọ̀ wa, orin bẹ́ẹ̀ lópin. Bí ọ̀kan bá wọ ẹni lára jù, àwọn àgbà ilé á wá sí ẹnu ilé gàrí, wọ́n á da omi sílẹ̀, àwọn obìnrin méjèèjì á mu ìyókù nínú igbá kan náà, á parí. A ti bomi pa orin náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò tún gbọdọ̀ dá a mọ́ láyé, ì báà jẹ́ eré, ì báà jẹ́ nínú ọtí. Ẹni tó bá tún gbé e, ìjà tó ti parí ló tún hú síta.

Orin tí mo kọ yẹn, ìyá mi ló dá a, Ìyá Àgbà ló fi bú. Ọmọ Ìlárá ni Ìyá Àgbà, ní òdìkejì ẹnubodè. Ègbè orin náà ló ní oró:

Wọ́n ránṣẹ́, wọ́n tún ránṣẹ́,
Òkú wọlẹ̀ kó tó dé.

Ìyá rẹ̀ ló kú tí kò débẹ̀ sin. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ́mọdé nìyẹn, mi ò sì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tó ọmọ ọdún méje lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi da omi náà sílẹ̀. Mo rí i bí ìyá mi ṣe mu, mo rí i bí Ìyá Àgbà ṣe mu, mo sì gbọ́ tó ní, “Ó tán.” Mi ò ní parọ́ fún yín pé mo ti gbàgbé. Mo mọ̀ pé a ti bomi pa á. Mo kàn sọ fún ara mi pé ó ti pẹ́, pé ìlà méjì àkọ́kọ́ nìkan ni mo kọ, pé kò sí oró nínú ọ̀nà tí kò jìn. Ní òótọ́, orin yẹn ló dùn jù nínú gbogbo orin tí mo mọ̀. Ó ti wà lẹ́nu mi láti ìgbà ọmọdé láìrí ibi gbà jáde.

Nígbà tí mo parí, ará Amẹ́ríkà ti tan ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ó ní kí n tún un kọ. Mo tún un kọ. Ó bi mí pé orin ta ni. Mo ní orin ilé wa ni. Ó ní, “Ta ni mo máa gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ bí mo bá fẹ́ lò ó?” Ó béèrè, ẹ gbọ́. Mo ní, “Èmi náà rèé.” Ó wá ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Mo ní orin ẹni tó ń padà lọ sílé ni, pé ọ̀nà ilé kò jìn, àárẹ̀ ẹsẹ̀ ló ń mú kó dà bíi pé ó jìn.

Ó pa ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé bàbá òun kú pẹ̀lú ìfẹ́ àtidé ilẹ̀ yìí lọ́kàn, kò sì débí. Ó ń nu ojú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un nígbà yẹn pé èébú ni? Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi ni wọ́n pa òwe náà fún.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn ni wọ́n ṣe àṣehàn. Ará Amẹ́ríkà ní òun fẹ́ kí àwọn tó ni orin jókòó níwájú, èmi náà sì lọ pe ẹgbẹ́ àwọn ìyá alágàrí. Mo gbé àga fún wọn fúnra mi. Ìyá mi jókòó, Ìyá Àgbà jókòó tì í nínú ìbòrí funfun rẹ̀. Mo ra omi tútù fún wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn mi nínú ẹ̀rọ ńlá, ká má parọ́. Ọmọ tó kàwé tí wọn kò rí ohun tó ń fi ìwé náà ṣe, mo fẹ́ kí wọ́n rí i.

Àwọn ọ̀dọ́ ṣe tiwọn, ọmọbìnrin aránṣọ gba àtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ. Orin àjùmọ̀ṣe tí wọ́n fi ohùn mi ṣe ló wá kù. Ohùn mi jáde nínú ẹ̀rọ: ọ̀nà Ìlárá kò jìn o, ẹsẹ̀ ẹni ló wúwo. Ìlù bọ́ sí i. Mo wo iwájú. Ìyá mi ti yí ọrùn, ó ń wá mi láàárín èrò. Ohùn mi tún lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ará Amẹ́ríkà ń ju ọ̀rọ̀ lé e lórí, ó ń sọ nípa bàbá rẹ̀. Ohùn mi lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ìlù sì dá. Wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè gba ẹnu wọlé.

Àwọn ìyá alágàrí ló wọlé. Wọ́n gbè é. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbè é, kò sì sí ẹni tó rò ó. Ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi rin ẹ̀gẹ́ pọ̀ ló gbè é: wọ́n ránṣẹ́, wọ́n tún ránṣẹ́, òkú wọlẹ̀ kó tó dé. Ohùn wọn ṣù pọ̀, ó wúwo, ó dùn. Ohùn ìyá mi wà nínú rẹ̀. Ohùn Ìyá Àgbà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí òun náà máa ń gbè é nígbà náà. Òun ló pẹ́ dákẹ́ jù. Ó kọ “kó tó dé” ní òun nìkan, ó sì gbọ́ ara rẹ̀.

Èrò ẹ̀yìn hó yèè. Wọ́n rò pé a ti ṣètò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ará Amẹ́ríkà na ọwọ́ méjèèjì sókè, ayọ̀ bò ó lójú. Ní ìlà iwájú, kò sí obìnrin kan tó wo èkejì. Ìyá Àgbà tún ìbòrí rẹ̀ wé, ó dìde, ó sì gba àárín àga kọjá sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. Kò padà wá.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Kò jẹ́ kí n jókòó.

“Ta ló fún un lórin yẹn?”

“Èmi ni, Ìyá mi. Ẹ má bínú.”

“Ṣé o mọ ìdí tí kò fi lọ sin ìyá ẹ̀?”

Mo ní mi ò mọ̀.

“Ìwọ ni.” Ó jókòó sórí àpótí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. “O ò tíì pé ọdún mẹ́rin. Mo lọ ná ọjà Ìmẹ̀kọ, wọ́n ti ẹnubodè, ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò rí ọ̀nà wálé. Bàbá ẹ wà lóko. Ibà dé sí ẹ, gìrì gbé ẹ. Ìyálé mi pọ̀n ẹ́, ó sáré gbé ẹ lọ sí ọsibitù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá sọ fún un pé ìyá ẹ̀ ń kú lọ. Wọ́n tún padà wá pé ó ti kú, pé mùsùlùmí ni, òkú ò gbọdọ̀ sùn. Ó ní òun ò lè fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ fún àwọn tí òun ò mọ̀. Mo dé, mo bá ẹ láyè.”

Mo ní, “Ẹ sì fi ìyẹn kọrin?”

“Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ la jà. Mi ò rántí ohun tí a jà lé lórí mọ́. Ìkòkò ni, àbí kí ni. Mo wá ohun tó máa dùn ún jù, òun ni mo rí. Mo mọ ìdí tí kò fi lọ. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé á dùn ún.” Ó nu imú pẹ̀lú etí ìró rẹ̀. “Àtọjọ́ tí wọ́n ti bomi pa á, kò sọ ọ́ fún ẹ, èmi náà ò sọ ọ́. O wá lọ gbé e fún òyìnbó.”

Ojú tì mí débi pé inú bí mi, mo sì ń wá ẹni tí màá bínú sí. Mo kọ́kọ́ bínú sí ará Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà sí ìyá mi. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ìbínú náà tó rí ilé ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi kúnlẹ̀ fún ìyálé rẹ̀. Èmi dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Àgbà ní ká dìde, pé òun kò bá ẹnì kankan jà. Ó bó ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ yẹn bí ó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n jẹun nínú àwo kan náà. Ẹni tó bá wọ ilé wa kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, àfi tó bá ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó ń jà lórí rédíò mọ́.

Bóyá ibẹ̀ ni ìbá parí sí. Ará Amẹ́ríkà délé, ó sì gbé orin náà jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìlà méjì tèmi ló fi ṣe gbogbo rẹ̀, ó yọ ohùn àwọn ìyá kúrò nítorí kò tíì gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èèyàn tó ń ṣọ́ra ni. Ó fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìdùnnú. Mo kọ̀wé sí i, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí yovo dé orí òkú tó wọlẹ̀. Ó yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ohun tó kọ sí mi kò gùn: ó ní ká ní mo ti sọ pé rárá fún òun, òun ìbá tún fẹ́ràn mi sí i. Mo ṣì ń ka ìwé náà nígbà mìíràn, ó sì máa ń ta mí lára bíi tuntun.

Ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́, ó ti fọ́. Fóònù ti ń fi í ránṣẹ́ sí fóònù. Àwọn ọlọ́kadà gbé e, aláta gbé e, ó ń dún ní ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lọ àgbàdo. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bá àwọn ọmọ tèmi tí wọ́n ń jó o lágbàlá wa, Ìyá Àgbà sì jókòó lórí ẹní rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn nítorí wọ́n ní kó pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó di ẹrù kan. Ó ní, “Ọkọ mi, gbé mi lọ sí Ìlárá.”

Mo ní, “Ẹ óò pẹ́ níbẹ̀, Ìyá Àgbà?”

Ó ní, “Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni mò ń lọ.” Kò dáhùn ohun tí mo béèrè.

Ìyá mi so àkàrà mọ́ ewé fún un, ó bá a gbé ẹrù dé ẹ̀gbẹ́ alùpùpù, kò sì lè sọ pé ó dàbọ̀. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ nu eruku kúrò ní èjìká rẹ̀, ó gun ẹ̀yìn mi, ó sì di ìbàdí mi mú. Mo rọra ń wa ọkọ̀, mo ń yẹ kòtò. Bó ṣe di ìbàdí mi mú yẹn, mo rántí pé ẹ̀yìn òun ni mo wà lọ́jọ́sí. Ní ẹnubodè, àwọn aṣọ́bodè rí i pé arúgbó ni, wọ́n sọ okùn ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún wa. Ó wo ojú ọ̀run.

Ó ní, “Oòrùn ò tíì yẹ̀ lójú kan. Orin ìyá ẹ ò parọ́. Ọ̀nà náà ò jìn.”

“Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́…”

“Mo lè lọ kí n sì bọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo rò ó. Mo gbé ẹ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo dé ẹnu ọ̀nà ọsibitù lẹ́ẹ̀mejì.” A kọjá ẹsẹ̀ igi ìrókò kan. “O sunkún lẹ́ẹ̀mejì.”

Mi ò rí ọ̀nà dáadáa mọ́ títí a fi dé.

Ìyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀ ló wà nílé, ọmọ kékeré lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Fóònù rẹ̀ wà lójú fèrèsé. Ohùn mi ló ń jáde nínú rẹ̀. Orin náà ti dé Ìlárá ṣáájú wa.

Ó rí wa, ó sáré wá kúnlẹ̀, ó gba ẹrù. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà! Ẹ ò gbọ́ nǹkan? Amẹ́ríkà ń kọrin ìlú wa!” Ó fi ìdí jó o fún wa díẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó sáré wọlé, ó bu omi wá fún àlejò nínú abọ́ kan. “Ó kàn jẹ́ pé wọn ò parí ẹ̀ ni. Ó yẹ kó ní ègbè. Ẹ̀yin àgbà, ẹ mọ ìyókù?”

Mo tẹ orí ba. Ìyá Àgbà gba abọ́ náà.

Ó ní, “Kò ní ìyókù.”

Ó da díẹ̀ nínú omi náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó mu, ó sì na abọ́ náà sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo mu ún tán. Ó ní kí n máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, pé kí n sọ fún ìyá mi kó bá òun fún adìyẹ aláwọ̀ eérú ní oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ lé ìyàwó náà wọlé.

Ìyá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé. Ó wo ẹ̀yìn alùpùpù mi, ó rí i pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó dìde, ó lọ bu oúnjẹ tirẹ̀ sínú àwo kékeré.